Epo Tó Wà Nínú Táǹkì

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì sọ fún bàbá ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lo alùpùpù tó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù, bàbá náà ń wọn pákó kan lọ́wọ́. Ó wọ̀n ọ́n, ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i, ó sì tún un wọ̀n, bí ẹni pé pákó náà lè ti gùn sí i láàárín ìgbà tí òun gbójú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bá pákó sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kan wà tí ojú kì í tì. Ó ní ẹni tó gbé ènìyàn jáde nílé tí kò gbé e padà wálé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa la ẹnu béèrè nǹkan.

Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Bàbá. Ó sì ti pẹ́ tí òun náà kò pe ìyàwó yìí ní nǹkan mìíràn ju Nọ́ọ̀sì lọ. Bó ṣe máa ń là á mọ́lẹ̀ lẹ́nu, àlejò yóò rò pé èébú ni. Àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé. Káfíńtà ń sùn nínú yàrá tó kọjú sí títì, Nọ́ọ̀sì ń sùn nínú yàrá ẹ̀yìn tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti jọ gbé, ṣọ́ọ̀bù sì wà láàárín wọn. Láti ọjọ́ tí ọmọ Káfíńtà ti kú, ìkòkò àwọn méjèèjì kò pàdé lórí iná kan náà mọ́.

Ikú ọmọ yìí ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ibà ló ṣe é. Nígbà tí ibà náà wá le, ìyàwó rẹ̀ gbé e sórí alùpùpù, ó fi aṣọ ìbusùn so ó mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ kó má baà ṣubú, ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló kú sí, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, lórí bẹ́ẹ̀dì abẹ́ fèrèsé, lójú ìyàwó rẹ̀ tó wọ aṣọ iṣẹ́. Káfíńtà kò dárí jì í pé ó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó máa ń sọ pé ọkọ àwọn ẹlòmíràn ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù ni pé kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni òun ti gbọ́. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn ló ń kọjá lọ, ó rí Káfíńtà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó rò pé ó ti gbọ́, ó sì kí i kú ara fẹ́ra kù. Lẹ́nu ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ náà ni bàbá ti mọ̀ pé òun kò lọ́mọ mọ́. Oòrùn ti ń wọ̀ kí Nọ́ọ̀sì tó dé lórí alùpùpù. Bàbá náà bi í níbi tó ti ń bọ̀. Kò sọ, kò sì sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ibi tó lọ kò jìnnà. Nígbà tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gun alùpùpù láti wá sọ fún bàbá. Ó ku díẹ̀ kó yà sí òpópónà ilé ni ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò lè yà á. Ó yà sí ilé epo dípò rẹ̀. Táǹkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó ní kí wọ́n rọ ọ́ kún, wọ́n sì rọ ọ́ dé ẹnu. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn tó ń ta epo, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde. Níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì jókòó síbẹ̀, bàbá kan ṣì wà nílé tí ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Kò mọ̀ pé ìròyìn náà ti gba ẹ̀yìn òun kọjá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Káfíńtà ti alùpùpù náà wọ ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe ń tì í ló gbọ́ tí nǹkan ń dún yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ nínú táǹkì. Ó ṣí ìdérí, ó rí i pé ó kún. Ọmọ rẹ̀ kì í jẹ́ kí táǹkì rẹ̀ dín. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá fẹ́ sọdá títì lọ gé irun, yóò kọ́kọ́ lọ ra epo. Bàbá náà gbé ọwọ́ lé táǹkì. Ó ní, "Ọmọ mi ti ra epo ìrìn àjò, kò sì rìn ín." Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí ojú bàbá náà, ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Bó ṣe di epo ọmọ nìyẹn. Káfíńtà kan àpótí igi sábẹ́ alùpùpù náà kí táyà má baà kan ilẹ̀. Ó fi tapólíìnì bò ó. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ó máa ń ṣí i, ó ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ó ń fi gírísì pa ṣéènì rẹ̀, kó tó sì dá tapólíìnì padà, yóò mì í díẹ̀, yóò gbé etí sí i. Òjò rọ̀ títí ó fi dá, ọ̀gbẹlẹ̀ dé, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Alùpùpù náà ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, ẹnikẹ́ni kò sì tẹ̀ ẹ́ kó dún.

Wọ́ọ̀dù ló mú kí Nọ́ọ̀sì béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì abẹ́ fèrèsé ṣì wà níbẹ̀, òun ló sì ń tẹ́ ẹ ní àràárọ̀. Òun ló ń ran àwọn ọkùnrin mìíràn lọ́wọ́ láti dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, òun ló ń fún wọn lóògùn, ara wọn ń yá, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra àwọn tí ara wọn ń yá, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì ń bà á. Nígbà tí wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì tí yóò máa lọ yẹ àwọn aboyún àti ọmọ ọwọ́ wò ní abúlé, ó sáré tọ Métírọ̀n lọ, ìyẹn olórí gbogbo wọn. Métírọ̀n ní òun yóò fún un bó bá ní alùpùpù, nítorí ilé ìwòsàn kò ní èyí tí yóò gbé fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì mìíràn kan wà tí ọkọ rẹ̀ ti ra tirẹ̀ fún un, ó sì ń ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sókè, ó ń hán an, níwájú gbogbo ènìyàn. Métírọ̀n ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè ni òun fẹ́ rí alùpùpù náà nínú ọgbà, òun sì fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ọ kó dún. Òun kò fẹ́ àlàyé. Bí kò bá sí, kí Nọ́ọ̀sì padà sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, kó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Níwọ̀n bí Káfíńtà kò ti fún un lésì, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n Káfíńtà obìnrin, ẹni kan ṣoṣo tí bàbá náà ń bẹ̀rù láyé. Ìyá àgbà náà wá tòun tọ̀pá rẹ̀, ó jókòó sórí àga tí Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ láìbéèrè bóyá gúlù rẹ̀ ti gbẹ. Ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá yóò máa mi táǹkì títí wọ́n á fi wá gbé òun náà ni. Ó ní kó gbé nǹkan náà fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Káfíńtà ní ọmọ òun ti kú, òun kò mọ ìyàwó ọmọ kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ló wá ń ṣe nínú ilé rẹ̀ nígbà náà, kí ló dé tí kò tíì lé e. Káfíńtà gbé ìfági, ó sì gbé e sílẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà fẹ́ dìde, àga náà bá a dìde. Ó bú àga, ó bú ẹni tó kàn án, ó sì ní kí wọ́n já òun gbà.

Ibẹ̀ ni Káfíńtà ti gbà. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni bó ṣe ń sọ ọ́.

"Kò sẹ́ni tí yóò da epo inú rẹ̀ nù. Ohun tí ọmọ mi rà láti fi rìn, òun ni alùpùpù yìí máa kọ́kọ́ fi rìn. Bó bá jó o tán, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ ra tirẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní òun gbọ́.

Mẹkáníìkì tí wọ́n pè ni àwọn ènìyàn ń pè ní Kò-ṣòro, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dé láàárọ̀ Sátidé, búrẹ́dì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti alùpùpù náà jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò-ṣòro ṣí táǹkì, ó gbé imú sí i, ó sì yára gbé búrẹ́dì rẹ̀ jìnnà. Ó ní epo yìí ti kú. Ó ní bẹntiróòlù tó bá jókòó pẹ́ tó báyìí máa ń nípọn bí oje igi ni, á sì lẹ̀ mọ́ gbogbo ojú ihò tó yẹ kó gbà kọjá. Kí wọ́n fà á dà nù, kí wọ́n fọ táǹkì, kí wọ́n tó sọ nǹkan mìíràn.

Káfíńtà náà gbé imú sí i. Ó ní òun kò gbọ́ òórùn burúkú kankan níbẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Epo tó ti pẹ́ máa ń rùn bíi fáníìṣì. Ọkùnrin tó ti ń fi fáníìṣì pa àga láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́, kí ni yóò gbọ́ níbẹ̀ bí kò ṣe òórùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Ó ní òórùn gidi ni. Ó ní bí Kò-ṣòro bá da ẹ̀kán kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, òun á fi ìṣó kan ìka rẹ̀ mọ́ pákó.

Kò-ṣòro ní kò ṣòro. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìgò kan jáde. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú ọ̀nà epo ni. Ó ní ohunkóhun tó bá ti dì nínú táǹkì àti nínú kábúrétọ̀ tó ń bu epo fún ẹ́ńjìnnì, bí wọ́n bá da oògùn yìí lé epo lórí, yóò yọ́ ọ, ẹ́ńjìnnì á sì jó o dànù bí èéfín. Nọ́ọ̀sì gba ìgò náà, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń ka ìgò oògùn kó tó fún aláìsàn. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé epo tuntun ni kí wọ́n pò ó mọ́. Ó ní bí wọ́n bá dà á sí epo tó ti bàjẹ́, gbogbo ìdọ̀tí tó jókòó sísàlẹ̀ táǹkì ni yóò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ni yóò sì gbà bí kò ṣe inú kábúrétọ̀.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì," Kò-ṣòro dá a lóhùn, "abẹ́rẹ́ kọ́ nìyí o. Alùpùpù ò ní ká ka ìwé fún òun kóun tó jí."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Nọ́ọ̀sì ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Bàbá náà ní kí wọ́n da oògùn sí i, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn máa lọ sí wọ́ọ̀dù rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu wà, ibi tí wọn ò ti lè dìde.

Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu òun. Bí òun bá sọ ọ́, epo yìí á di epo lásán, wọ́n á sì dà á nù kí oòrùn tó mú. Ó wo ọwọ́ Káfíńtà lórí táǹkì, àwọn ìka tó ti gé, tó ti jinná, tó tún ti gé. Ó dá ìgò padà fún Kò-ṣòro.

Wọ́n da oògùn sí i. Wọ́n mì í, wọ́n fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́, Kò-ṣòro sì jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, àwọn tó ń kọjá sì dúró láti máa gbà á nímọ̀ràn. Alùpùpù náà húkọ́. Ó tún húkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì gbaná.

Ó dún bó ṣe máa ń dún. Ìró kan wà lábẹ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà tí ọmọ Káfíńtà kò rí àyè tún ṣe rí, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ṣíbí ro inú agolo. Ìró yìí ni Nọ́ọ̀sì fi máa ń mọ̀ láti ìkòríta pé ọkọ òun ti dé, ìgbà náà ni yóò gbé omi kaná. Òun ni Káfíńtà fi máa ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti ti ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà ṣí fìlà. Ó ní, "Òun nìyẹn." Omi wà lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yí ojú sí ògiri kó má baà di pé àwọn jọ ń sunkún.

Lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì náà gbọ̀n, ó fa èémí bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, ó sì kú.

Kò-ṣòro tẹ̀ ẹ́, kò dún mọ́. Ó tú kábúrétọ̀, ohun tó sì rọ́ jáde níbẹ̀ pọ́n bí omi ìpẹtà, èépá wẹ́wẹ́ ń léfòó nínú rẹ̀. Ihò idẹ tí epo ń gbà, tí kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ti dí pátápátá. Ó fẹ́ ẹnu sí i, ó fi fọ́nrán wáyà bíréèkì gún un, ó tò ó padà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó húkọ́ díẹ̀, ó tún dí. Gbogbo ohun tí oògùn ti ṣí kúrò lára ìsàlẹ̀ táǹkì ló ń wálẹ̀, bó ṣe ń gbá ti iwájú kúrò ni ti ẹ̀yìn ń dé. Ó tú u, ó tò ó, ó tún tú u. Nígbà tí ọ̀sán ti pọ́n, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ṣòro. Ẹnìkan nínú àwọn tó ń wòran ní òun kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, kí wọ́n lọ pe àwọn ará ilé rẹ̀. Kò-ṣòro kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá ti da epo burúkú yẹn nù, kí wọ́n ránṣẹ́ sí òun, bí wọn kò bá ní dà á nù, kí wọ́n má ṣe pe òun mọ́. Ó fi ìyókù oògùn sílẹ̀, ó lọ.

Àwọn òǹwòran náà túká. Ó wá ku àwọn méjèèjì àti alùpùpù. Káfíńtà dé fìlà rẹ̀ padà. Kò pariwo.

"O ti pa èyí náà," ó sọ fún un.

Nọ́ọ̀sì ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó dúró. Ó ní kí Bàbá tún un sọ. Bàbá tún un sọ. Ó fi kún un pé ohùn ọmọ òun ti padà wá sínú àgbàlá yìí láàárọ̀ òní, ẹnu burúkú tí ó fi ka ẹ̀yìn ìgò ló lé e padà. Ó ní bó ṣe gbé ti àkọ́kọ́ lọ nìyẹn, tí kò sì rọrùn fún un láti wá sọ.

"Èmi ni mo ra epo yẹn," Nọ́ọ̀sì wí.

Káfíńtà wò ó.

"Ọmọ yín ò ra epo ìrìn àjò kankan, Bàbá. Ara rẹ̀ ń jó mi lẹ́yìn, ó ń bi mí ṣé a ti dé. Epo tó rà ti tán kí n tó padà. Èyí tí ẹ ń mì yìí, tèmi ni."

Ó wá sọ ìyókù láìgbé ohùn sókè, bí nọ́ọ̀sì tó ń fi aláìsàn lé ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kọ̀ níbi tó yẹ kó yà, ilé epo, bẹ́ǹṣì, àwọn ọkọ̀. Káfíńtà ní irọ́ ni. Ó bi í pé ilé epo wo. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún un. Ilé epo náà kò ju ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù; bí ènìyàn bá dúró sí ìkòríta, yóò rí òrùlé rẹ̀. Bàbá náà yíjú sí apá ibẹ̀ bí ẹni pé ó ń wá nǹkan.

"Nígbà tí mò ń yí nílẹ̀ níbí," ó ní, "tí àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń dì mí mú, ìwọ wà nílé epo."

"Mo wà níbẹ̀."

"O jókòó."

"Mo jókòó. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá sọ fún yín."

"Ẹlòmíràn ló sọ fún mi."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Bí ẹlòmíràn ni, bóyá ibẹ̀ ni ìjà ì bá parí sí. Káfíńtà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, ó di ọ̀pá rọ́bà tó wà lábẹ́ táǹkì mú, ó sì fà á já. Kò gbé ike kankan sábẹ́ rẹ̀. Epo náà ń dà sílẹ̀, ó pọ́n, ó nípọn, ó ń gba inú ìyẹ̀fun igi lọ, òórùn fáníìṣì sì gba gbogbo iwájú ilé. Nígbà tó kù díẹ̀ nínú rẹ̀, ó di apá alùpùpù náà mú, ó dà á dẹ̀gbẹ́ kí èyí tó kù lè jáde, ó wúwo ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì ń bọ̀ lé e lórí. Nọ́ọ̀sì sáré di apá kejì mú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì dì í mú, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, títí ẹ̀kán ìkẹyìn fi bọ́.

Wọ́n gbé e dìde. Káfíńtà ní, "Ẹ̀gbin rẹ nìyẹn. Kó o kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi."

Ó wọlé, ó ká tapólíìnì, ó fa àpótí igi tó kàn sábẹ́ alùpùpù jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn rẹ́ ẹ láti fi ṣe nǹkan mìíràn. Ó ní láti òní lọ, nǹkan náà kò gbọdọ̀ fi táyà kan ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òun mọ́.

Ohun tí Nọ́ọ̀sì ń wá nìyẹn, ó sì ti rí i. Táǹkì ti gbẹ. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ bo ilẹ̀, ó gbá a, ó gbá a títí tí kò fi sí ohun tó kù láti gbá mọ́, ó sì ti alùpùpù lọ sí ẹ̀yìn ilé.

Ní ọjọ́ Àìkú, kò lọ sí ibi kankan. Ó tú táǹkì kúrò. Ó da òkúta wẹ́wẹ́ tó ti fọ̀ sínú rẹ̀, ó bu bẹntiróòlù tuntun sí i, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì ń mì í, ó ń mì í, òkúta ń ha ìpẹtà kúrò nínú rẹ̀. Ó dà á jáde, ó tún ṣe é, títí ohun tó ń jáde fi mọ́. Ó gbé táǹkì sínú oòrùn kó gbẹ. Ó tú kábúrétọ̀ lórí aṣọ funfun, ó ń to àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ bí ìgbà tó fẹ́ wẹ ojú egbò, ó sì fi fọ́nrán wáyà tí Kò-ṣòro sọ nù gún ihò idẹ náà títí ó fi rí ojú ọ̀run láti inú rẹ̀. Nígbà tó tò ó tán, ó rọ epo tuntun sí táǹkì. Ó fi síríǹjì fa ìyókù oògùn nínú ìgò, ó wọ̀n ọ́n bí ẹ̀yìn ìgò ṣe wí, kò lé, kò dín.

Káfíńtà kọjá lọ pọn omi, ó wo síríǹjì náà. Ó ní ṣé yóò tún fún un lóògùn oorun ni. Ó ń bọ̀ padà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi èéfín pa pákó òun lára o, pákó oníbàárà ni.

Nọ́ọ̀sì tẹ alùpùpù náà títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ló gbaná, ó ń húkọ́, ó ń tu èéfín, ìró ṣíbí nínú agolo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí ara ẹ́ńjìnnì fi gbóná, kí oògùn lè dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé, ó sì pa á, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ohun tó bá kù lè rọ̀. Kò jókòó sí ìdí rẹ̀. Ó lọ fọ aṣọ iṣẹ́.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Métírọ̀n dúró nínú ọgbà, ó ká ọwọ́ gbera. Ó ní kí Nọ́ọ̀sì pa á. Nọ́ọ̀sì pa á. Ó ní kó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dún. Métírọ̀n bi í kí ló dé tó ń rú èéfín bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ohun tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ ló ń jáde, yóò mọ́ bó bá rìn jìnnà díẹ̀. Métírọ̀n ní kó lọ rìn ín jìnnà nígbà náà, àwọn aboyún ń retí. Nọ́ọ̀sì kejì ti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àpò.

Bó ṣe ń jáde, ó gba abẹ́ fèrèsé wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà, bàbá arúgbó kan tí ara rẹ̀ ti ń yá, ti dìde jókòó. Ó juwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì juwọ́ padà. Níbi òkè àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì náà fà sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ kú, Nọ́ọ̀sì rọra fún un ní epo sí i, ó gun òkè náà tán, èéfín sì fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó padà dé, ẹrẹ̀ ti bo òun àti alùpùpù dé orúnkún. Káfíńtà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìfági fá pákó. Ó wo táyà iwájú. Ó ní ṣé iléèwé nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti kọ́ ènìyàn pé kó máa gun táyà tí kò ní afẹ́fẹ́. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, kó lọ ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ níwájú ilé ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì ní òun kò ní póńpù. Káfíńtà ní ṣé òun bi í ní póńpù ni.

Ó wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀. Póńpù kan fò jáde láti ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ sínú ìyẹ̀fun igi nítòsí táyà. Láti inú ilé, Káfíńtà ní kí wọ́n nù ún kí wọ́n tó dá a padà o, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì lóṣòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ táyà. Kò pẹ́ tí Káfíńtà fi sọ̀rọ̀ láti inú ilé pé ariwo póńpù náà kò jẹ́ kí òun mọ ibi tí òun wọn pákó dé. Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ táyà wò, ó ṣì rọ̀ díẹ̀, ó sì ń fẹ́ ẹ lọ.